Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣọ́ọ̀kì iwájú kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀

Lẹ́yìn tí a dáhùn ìbéèrè lórí táyà àti búréèkì, ṣọ́ọ̀kì iwájú ni lẹ́tà tó tún ń wọlé dá lé. Kò yà wá lẹ́nu. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ mountain bike tí ẹ ń rí lójú ọ̀nà Adó, Ìkéré àti Ìjerò, ṣọ́ọ̀kì wọn sì ti gbó kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ohun tó ń dùn wá ni pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní òkú, ìdọ̀tí àti gíríìsì gbígbẹ ló dá a dùbúlẹ̀. Ọjọ́ orí kọ́.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàpọ̀: bí a bá ní ọ̀pá, ọ̀pá méjì tó ń dán, tó ń wọlé tó ń jáde, ni à ń wí. Àpò ni ìsàlẹ̀ tí ọ̀pá ń wọ̀, tí táyà so mọ́. Orí fọ́ọ̀kì ni irin tó di ọ̀pá méjèèjì mú lókè. Síìlì ni rọ́bà ẹnu àpò. Búṣì ni òrùka inú àpò tí ọ̀pá ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pá kan pẹ̀lú àpò tirẹ̀, ọ̀tún tàbí òsì.

Mo fi gbogbo ara tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ṣọ́ọ̀kì náà kò lọ sílẹ̀ tó ìbú ìka kan. Ẹni tó tà á fún mi ní bó ṣe ń rí nìyẹn, pé bí mo bá ń gùn ún yóò rọ̀. Ṣé òótọ́ ni? — Òǹkàwé kan, Ìkéré-Èkìtì

Kì í ṣe òótọ́. Ṣọ́ọ̀kì tí kò mì lónìí kò ní í ṣàdédé mì lọ́la.

Ẹ kọ́kọ́ wo orí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bí ohun yíyí kan bá wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "Lock" sí, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tì í pa ni. Ẹ yí i padà, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wò. A ti rí i kí wọ́n gbówó lọ́wọ́ èèyàn lórí èyí nìkan.

Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bọ́ sí ẹsẹ̀ òsì. Bí ẹ bá ṣí ìdérí ike orí rẹ̀ tí ẹ sì bá fáàfù bíi ti táyà mọ́tò, afẹ́fẹ́ ni ṣọ́ọ̀kì yín ń lò. Ìdáhùn tiyín wà nísàlẹ̀. Bí kò bá sí fáàfù, sípíríǹgì irin tàbí rọ́bà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ yí ohun tí wọ́n kọ + àti − sí lára lọ sí ọ̀nà − títí yóò fi dúró, kí ẹ wá fi sípánà tú ìdérí ńlá náà. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹ ti ń tú u, nítorí yóò fẹ́ fò sókè díẹ̀.

Bí ohun tó jáde bá jẹ́ rọ́bà roboto, pupa, yẹ́lò tàbí búlúù, tí wọ́n tò léra lórí ọ̀pá ike kan, ẹ ti rí ọ̀daràn. Ṣọ́ọ̀kì láàárín ọdún 1990 sí 1999 ló sábà máa ń lò ó. Quadra àti Judy tí RockShox ṣe ní Amẹ́ríkà wà lára wọn. Rọ́bà yìí kì í ṣe rọ́bà lásán. Ihò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè kúrú láì sanra. Bó bá ti pẹ́, yóò gan, tàbí kí ó máa yọ́, kí ó máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́: bí ojú rẹ̀ kò bá padà sípò kíá, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé rọ́bà táyà tàbí ìsàlẹ̀ bàtà sí i. Rọ́bà tí kò ní ihò nínú kì í kúrú. Ńṣe ni yóò wú sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì há sínú ọ̀pá. Sípíríǹgì irin ni kí ẹ wá. Ẹ fi fáníà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìbú nǹkan, wọn inú ọ̀pá, kí sípíríǹgì náà kéré sí i ní mílímítà 1 sí 2, kó má baà máa ha ara ọ̀pá. Kí gígùn rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú gbogbo rọ́bà náà bí a bá tò wọ́n léra. Kí àlàfo sì wà láàárín ìká rẹ̀ dáadáa. Sípíríǹgì tí ìká rẹ̀ pọ̀ jù yóò ti kanra wọn kí ṣọ́ọ̀kì tó rìn dé ìdajì. Ẹ fi gíríìsì kùn ún yíká kí ẹ tó sọ ọ́ sínú, kó má baà máa pariwo.

Bó bá le jù tàbí ó rọ̀ jù, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ so cable tie kékeré kan mọ́ ọ̀pá, ẹ tì í kan síìlì. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ náà jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ẹrù tí ẹ máa ń gbé, ẹ jókòó sójú kan, kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́. Àlàfo tó wà láàárín cable tie àti síìlì ni iye tí ìwúwo yín tẹ̀ ẹ́. Lórí ṣọ́ọ̀kì tó ń rìn mílímítà 80, 12 sí 16 ló dára. Lórí 100, 15 sí 20.

Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni mí ní Ìjerò. Wọ́n ti ń gbé kẹ̀kẹ́ wá bá mi báyìí. Ti ọ̀kadà kò ṣòro fún mi, ṣùgbọ́n òróró táṣẹ́rẹ́ ló ń jáde nínú ti kẹ̀kẹ́, òmíràn kò tilẹ̀ ní rárá. Èló ni kí n dá padà, irú èwo sì ni? — Òǹkàwé kan, Ìjerò-Èkìtì

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè yìí gan-an ló yẹ kí gbogbo mẹkáníìkì ọ̀kadà béèrè, nítorí ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń da òróró kún un bí wọ́n ti ń ṣe fún ọ̀kadà, tó ń gbà ju mílílítà 100 lọ ní ẹsẹ̀ kan. Ti kẹ̀kẹ́ yàtọ̀, oríṣi mẹ́ta ló sì wà.

Àwọn olówó pọ́ọ́kú, bíi XCT àti XCM ti Suntour, gíríìsì nìkan ni àpò wọn ń lò. Bí ẹ bá da òróró sí i, ìdí bóòtù ni yóò gbà jáde. Oríṣi kejì ni àwọn tí dáńpà wọn, ìyẹn ohun tó ń dá ìfòsókè dúró, dá wà nínú ike tàbí irin tirẹ̀, tí òróró díẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpò kí búṣì má baà gbẹ. Mílílítà 10 sí 15 ní ẹsẹ̀ kan tó fún púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí òróró kún inú ẹsẹ̀ wọn bíi ti ọ̀kadà, bí àwọn Bomber tí Marzocchi ti Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1990. Òróró kan náà ló ń mú kí ọ̀pá yọ̀, òun náà ló sì ń dá ìfòsókè dúró. Ti ìyẹn, iye tí olùṣe kọ fún mọ́dẹ́ẹ̀lì náà gan-an ni kí ẹ tẹ̀lé. Èyí tó jáde kì í ṣe òṣùwọ̀n, nítorí ó lè ti jò dànù tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ ó ti tú u nìyí. Ẹ yọ táyà àti búréèkì. Bó bá jẹ́ oní-afẹ́fẹ́, ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ rẹ̀ dànù kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Bí ohun yíyí pupa kan bá wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ yọ ọ́. Lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni bóòtù kan wà tí L-key 5 sábà máa ń bá mu. Ẹ tú u ní ìyípo mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má yọ ọ́ tán. Ẹ wá fi òòlù onírọ́bà lu orí bóòtù náà sókè, kí ọ̀pá inú, èyí tín-ín-rín tí bóòtù dì mú, tí kì í ṣe ọ̀pá tó ń dán, lè bọ́ kúrò lára àpò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ yọ bóòtù méjèèjì, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa àpò jáde láì yí i.

Ibi tí sùúrù ti ń tán ni bóòtù tó ń yí gbirigbiri tí kò tú. Ọ̀pá inú ló ń bá a yí. Ẹ yí + orí ẹsẹ̀ náà dé òpin, kí ẹnì kejì sì tẹ ṣọ́ọ̀kì náà wọlé; sípíríǹgì yóò fún ọ̀pá náà mọ́ ìsàlẹ̀, bóòtù yóò sì tú. Ẹ má ṣe gbé iná wẹ́dà sún mọ́ ọn.

Ẹ wo ohun tó jáde kí ẹ tó dà á nù. Òróró tó kàn dúdú kò burú. Èyí tó funfun bí ẹ̀kọ, omi ti wọ inú rẹ̀. Bí irin wẹ́wẹ́ bá ń dán nínú rẹ̀, búṣì tàbí ọ̀pá ló ń jẹ. Ẹ wá ibi tó ti ń jẹ kí ẹ tó dà á pọ̀.

Kẹrosíìnì dára fún irin àti inú àpò. Kò gbọdọ̀ kan síìlì tàbí fóòmù. Bẹntiróòlù burú jù ú lọ, yóò mú kí rọ́bà wú. Ẹ fi spirit tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì nu rọ́bà. Ẹ fi aṣọ funfun wé igi, kí ẹ máa tì í gba inú àpò kọjá títí aṣọ yóò fi jáde ní funfun. Òwú kò dára, ó ń fi irun sílẹ̀. Lábẹ́ síìlì, ẹ ó bá òrùka fóòmù tín-ín-rín kan nínú àwọn tó níye lórí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi òróró pa ọ̀pá. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ, kí ẹ wá rì í sínú òróró tuntun kí ẹ tó dá a padà.

Bí ètè síìlì bá ti ya tàbí ó ti gan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìbú ọ̀pá ni ẹ ó fi béèrè: 28, 30 àti 32 ló wọ́pọ̀ lára àwọn àtijọ́. Ẹ fi fáníà wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú wò ó. Síìlì tí wọ́n ṣe fún ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì kò dára níbí, nítorí ọ̀pá yìí kì í yí, lílọ-bíbọ̀ ni tirẹ̀. Gígé páìpù PVC tí ẹnu rẹ̀ bá etí síìlì mu ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ wọlé bákan náà yíká.

Nígbà tí ẹ bá ń dà á pọ̀, ẹ fi gíríìsì kún àárín ètè síìlì. Gíríìsì silikóònù kì í ba rọ́bà jẹ́, pàápàá bó bá jẹ́ oní-rọ́bà ni ṣọ́ọ̀kì náà. Ẹ máa ti àpò wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo ètè síìlì méjèèjì. Bí ọ̀kan bá ká wọlé, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ má tì í dé ìdí. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi síríńjì ta òróró gba ihò bóòtù, ẹ wá tì í dé ìdí kí ẹ dì í. Newton-mítà 6 sí 8 tó bóòtù yìí. Ẹni tí kò ní sípánà tó ń wọn agbára, kí ó ki apá gígùn L-key bọ bóòtù, kí ó fi apá kúkúrú dì í. Àpò náà kì í fara da agbára ọ̀kadà.

Òróró inú àpò, 10W tàbí 15W tí wọ́n ń tà fún fọ́ọ̀kì ọ̀kadà dára. Ti inú dáńpà gbọdọ̀ fúyẹ́ díẹ̀, 5W sí 10W. Bí ẹ bá da ẹ́ńjìnnì ọ́ọ̀lì 20W-50 sí i, ṣọ́ọ̀kì yóò lọ sílẹ̀ ní kòtò àkọ́kọ́, kò sì ní tíì padà sókè kí kòtò kejì tó dé. ATF pupa tí a ń dà sí jíà ọ́tòmátíìkì lè rọ́pò 10W. Òróró búréèkì kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn wákàtí 50 tí a bá fi gun kẹ̀kẹ́ ni RockShox ní kí a máa ṣí àpò fọ̀. Fún ẹni tó ń gba ọ̀nà oko, ẹ ṣí i bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, kí ẹ tún ṣí i nígbà tí ọyẹ́ bá lọ.

Fọkanáísà àdúgbò wa fún ṣọ́ọ̀kì mi ní afẹ́fẹ́. Ó le gan-an lọ́jọ́ náà, ó di ọjọ́ kejì ó ti rọ̀ wọ̀ọ̀. — Òǹkàwé kan, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà mọ́. Àyè afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀kì kéré púpọ̀ sí ti táyà. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yóò kún un kọjá ààlà kí ẹni tó dì í mú tó ṣẹ́jú. Bí ó bá sì ń fa ẹnu rẹ̀ yọ, ìwọ̀nba tó wà nínú rẹ̀ yóò tún bá a jáde. Páǹpù kékeré tí wọ́n ṣe fún ṣọ́ọ̀kì ni kí ẹ rà, èyí tó ní géèjì àti bọ́tìnì tí ẹ lè fi dín in kù. Iye PSI, ìyẹn agbára afẹ́fẹ́, fún ìwúwo yín sábà máa ń wà lára ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì tàbí nínú ìwé rẹ̀. Ẹ má kọjá èyí tó ga jù níbẹ̀.

Ní ti jíjò, ẹ fi ìfóófòó ọṣẹ pa ẹnu fáàfù. Bó bá ń hó, ojú fáàfù náà bá ti mọ́tò mu, ẹ lè dì í tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá hó, òrùka rọ́bà tó wà lára písítìnnì inú ló ti jẹ. Ẹ tún gbọ́ o: ìdérí ṣọ́ọ̀kì tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀ lè fò bá èèyàn lójú.

Bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè Ẹ̀fọ̀n tí mo sì tẹ búréèkì iwájú, nǹkan kan ń dún "kò" lọ́wọ́ iwájú. Ọmọ tó ń bá mi tún un ṣe ní búṣì ni, ó ní kí n ra ṣọ́ọ̀kì tuntun. — Òǹkàwé kan, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Kó tó dé orí rírà. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ẹ di búréèkì iwájú mú, kí ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn. Ẹ fi ìka ọwọ́ kejì kan ibi tí ọrùn kẹ̀kẹ́ ti pàdé orí fọ́ọ̀kì. Bí ìmì bá wà níbẹ̀, bẹ́ríìnì ọrùn ló tú. Dídì díẹ̀ ló ń fẹ́, owó ṣọ́ọ̀kì tuntun kò sí níbẹ̀. Ẹ wá gbé ìka sí ẹnu síìlì, kí ìka kan ọ̀pá àti àpò lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ń mì, búṣì ni. Ìmì tí ìka mọ̀ tí ojú kò rí kò burú. Èyí tí ojú ń rí ti ń jẹ ọ̀pá lọ. Kí ẹ tó gbà, ẹ tún tú búréèkì sílẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ti táyà sọ́tùn-ún sósì, nítorí bẹ́ríìnì àárín táyà náà máa ń dún bẹ́ẹ̀.

Nínú àwọn ṣọ́ọ̀kì olówó pọ́ọ́kú mìíràn, búṣì jẹ́ ike tó ṣeé fà jáde, tuntun rẹ̀ sì ṣeé wá. Nínú àwọn tó níye lórí, ńṣe ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpò, irinṣẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Àwọn kan ń gé agolo ohun mímu sẹ́yìn búṣì kó lè fún. A kò fara mọ́ ọn: agolo náà yóò ya, ìyangbò rẹ̀ yóò sì máa ha ọ̀pá.

Ìpata ti bo ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ ọmọ mi. Ṣé kí n fi sáńdípépà ha á? — Ìyá kan, Adó-Èkìtì

Rárá o, Mọ̀mọ́. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì kan án ná. Bó bá gbé e, irin tí wọ́n fi króòmù bò ni. Sáńdípépà yóò bó króòmù náà, ìpata tuntun yóò sì yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bébà fóìlì tí ẹ fi ń wé ẹja ni kí ẹ fún pọ̀, kí ẹ rì í sínú omi, kí ẹ máa fi ra ọ̀pá náà ní yíyípo. Ìpata yóò di ẹrẹ̀ dúdú, ẹ fi aṣọ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi òróró díẹ̀ pa á.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná wọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí èékánná bá ti kọ́, ihò wà níbẹ̀, yóò sì máa gé síìlì. Ihò kékeré kan tàbí méjì, ẹ fi ọ̀dà èékánná tí kò ní àwọ̀ dí i, kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi sáńdípépà 2000 tó tutù tẹ́ ojú rẹ̀ títí yóò fi dọ́gba. Orí ọ̀dà náà nìkan ni kí pépà wà. Bí ihò bá pọ̀ níbi tí síìlì ń gbà kọjá, ọ̀pá náà ti lọ.

Bí mágínẹ́ẹ̀tì kò bá gbé e, ọ̀pá áálúmíníọ́ọ̀mù ni, kì í ní ìpata. Ṣùgbọ́n bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti bó ní apá kan tó wá ń dán funfun, ibẹ̀ ti ń jẹ. Kò sí ọ̀dà tí a lè fi bò ó.

Mò ń da ẹ́ńjìnnì ọ́ọ̀lì àlòkù sí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì mi láràárọ̀ nítorí eruku. Wọ́n ní mo ń ba á jẹ́. — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, EKSU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì)

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Eruku pupa wa yìí, òróró ló ń wá. Yóò lẹ̀ mọ́ ọn, síìlì yóò sì máa fi ha ọ̀pá nígbàkígbà tó bá wọlé. WD-40 náà kò sàn jù: yóò fọ gíríìsì inú síìlì dànù. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nu ọ̀pá àti ètè síìlì bí ẹ bá dé. Bí ẹ bá ń fọ kẹ̀kẹ́, ẹ fi kànìnkànìn àti omi ọṣẹ ṣe é. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò lè ta omi gba ẹnu síìlì wọlé, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ funfun tí a sọ lókè ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àpò ṣọ́ọ̀kì mi sán níbi tí búréèkì gbé dè mọ́ ọn. Wẹ́dà kan ní òun lè jó o. — Òǹkàwé kan, Ìkéré-Èkìtì

Kí ó má jó o. Màgínísíọ́ọ̀mù ni àpò púpọ̀ nínú ṣọ́ọ̀kì tó níye lórí. Bí ìyangbò rẹ̀ bá gbiná, omi kì í pa á, ńṣe ló tún ń ràn án. Èyí tó bá sì jẹ́ áálúmíníọ́ọ̀mù, iná yóò sọ ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó náà di ẹlẹgẹ́, ibẹ̀ ni yóò sì ti kán nígbà tí ẹ bá tẹ búréèkì. Bákan náà ni orí fọ́ọ̀kì tó bá sán, tàbí tó ń dún "kẹ̀-kẹ̀" níbi tí ọ̀pá ti wọ inú rẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ má gùn ún mọ́.

Bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá, kí ni kí n wọ̀n? — Òǹkàwé kan náà

Ẹ wọn ìbú ọ̀pá ọrùn ná, ìyẹn irin tó ti orí fọ́ọ̀kì wọ inú ọrùn kẹ̀kẹ́: ọ̀pọ̀ àtijọ́ jẹ́ mílímítà 28.6, àwọn tó tún pẹ́ jù ú jẹ́ 25.4, wọn kò sì lè wọ ara wọn. Ẹ wọn gígùn ọ̀pá ọrùn náà láti orí fọ́ọ̀kì sókè, nítorí èyí tí wọ́n ti gé kúrú fún kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn kò ní í dé òkè tiyín. Ẹ wọn láti àárín ihò táyà dé ìsàlẹ̀ bẹ́ríìnì ọrùn, kí tuntun má fi púpọ̀ yàtọ̀ sí i: bí ẹ bá fi ṣọ́ọ̀kì tó ń rìn 130 rọ́pò èyí tó ń rìn 80, iwájú kẹ̀kẹ́ yóò ga sókè, ọrùn férémù ni yóò sì máa ru ìyà náà. Ẹ wò ó bóyá ojú ìdè búréèkì yín wà lára rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ tuntun kò ní ti búréèkì rímù mọ́.